Ìlasa Àgbọ̀nrín: Ìrísí, Ìtànkálẹ̀ àti Ẹ̀rí Orúkọ Ewéko Kan nínú Ẹbí Ilá

Àṣamọ̀

Ìlasa àgbọ̀nrín, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Urena lobata, jẹ́ igbó lásán lójú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Ẹ̀bá ọ̀nà oko àti orí ilẹ̀ tí a ti pa tì ni ó sábà máa ń hù sí. Nínú iṣẹ́ yìí, a ṣe àpèjúwe ewé, òdòdó àti èso rẹ̀, a sì ṣàlàyé bí èso náà ṣe sọ ọ́ di arìnrìn-àjò tí ó tàn ká gbogbo ilẹ̀ olóoru lágbàáyé. Lẹ́yìn náà, a wo àwọn orúkọ tí Yorùbá fún un. Kókó tí a tẹnu mọ́ ni pé àkíyèsí tó jinlẹ̀ ni ó bí àwọn orúkọ wọ̀nyí, ṣùgbọ́n orúkọ nìkan kò tó láti fi dá ewéko náà mọ̀. Òdòdó àti èso ni ó lè parí ẹjọ́.

1. Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ orúkọ ewéko rí. Ibi tí ewé ń hù, ohun tí ó jọ, ẹranko tí a kà á sí ti rẹ̀, ohun tí ó ń ṣe sí ara tàbí aṣọ ẹni tí ó bá fara kàn án, gbogbo wọn ni àwọn baba wa wò kí wọ́n tó pe ewé kan ní orúkọ. Nítorí náà ni orúkọ ewé fi jẹ́ ohun àmúṣàyẹ̀wò fún onímọ̀ èdè, fún onímọ̀ àṣà àti fún onímọ̀ ìṣègùn ìbílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà nínú ọ̀nà tí a gbà ń lo àwọn orúkọ wọ̀nyí nínú iṣẹ́ ìwádìí. Olùwádìí a gba orúkọ ewé kan lẹ́nu àwọn tí ń ta àgbo, a wá orúkọ náà nínú àkójọ orúkọ ewéko, a sì mú orúkọ Látìn tí ó bá níwájú rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, a ó máa ka orúkọ méjèèjì sí ọ̀kan náà. Bí ó bá jẹ́ pé ewéko méjì tàbí mẹ́ta ni ó ń jẹ́ orúkọ Yorùbá kan ṣoṣo, tàbí pé ewéko kan ń jẹ́ orúkọ mẹ́ta, ìwádìí náà ti ṣìnà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ìwádìí bá sì dá lórí ohun tí ènìyàn yóò mu sínú, àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kọjá ọ̀rọ̀ ìwé. Ìlasa àgbọ̀nrín jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó dára láti fi ṣàlàyé ọ̀ràn yìí.

2. Ẹbí tí ó ti wá

Malvaceae ni orúkọ ẹbí tí ìlasa àgbọ̀nrín wà. Láti ara malva ni orúkọ ẹbí náà ti wá. Ọ̀rọ̀ Látìn ni, tí àwọn ará Róòmù fi ń pe ewéko kan tí ń lalẹ̀ hù ní Yúróòpù, ní àríwá Áfíríkà àti ní ìwọ̀-oòrùn Éṣíà, tí òdòdó rẹ̀ jẹ́ elésè-àlùkò. Malva sylvestris ni àwọn onímọ̀ ń pe èyí lónìí. Àwa Yorùbá kò mọ malva yẹn nínú oko wa, ṣùgbọ́n a mọ àwọn ẹbí rẹ̀ dáadáa. Ilá, ìsápá àti òwú wà lára wọn.

Láti ọdún 1998 ni ìmọ̀ nípa àbùdá ìbí ti mú kí àwọn onímọ̀ tí wọ́n pe ara wọn ní Angiosperm Phylogeny Group da ẹbí mẹ́rin tí ó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tẹ́lẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Nítorí èyí, obì, kòkó, ewédú, àràbà àti oṣè ti di ọmọ ẹbí kan náà pẹ̀lú ilá. Ohun tí ó pa ọ̀pọ̀ nínú wọn pọ̀ kò ṣòro láti rí. Èèpo ara wọn ní fọ́nrán tí ó yi, tí a lè fi ṣe okùn. Omi ara wọn a máa yọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti mọ̀ lára ilá àti ewédú. Irun wẹ́wẹ́ tí ó wà lára ewé wọn sì sábà máa ń pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ láti ojú kan bí ìràwọ̀. Gbogbo àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni a óò bá lára ìlasa àgbọ̀nrín.

3. Ìrísí rẹ̀

Ìlasa àgbọ̀nrín a máa dúró ṣánṣán, ìdí rẹ̀ a sì máa le bí igi bí ó ti ń dàgbà. Gíga rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín ààbọ̀ mítà sí mítà 2. Níbi tí a bá ti gbìn ín súnmọ́ra nítorí okùn rẹ̀, ó lè ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá fọwọ́ pa ọ̀pá àti ewé rẹ̀, a óò mọ̀ pé wọ́n rí háràhàrà díẹ̀. Irun oníràwọ̀ tí a ti mẹ́nu bà ni ó fà á.

Ewé rẹ̀ kì í so ní méjìméjì lójú kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yọ, bí ọ̀kan bá wà lápá ọ̀tún, èyí tí ó tẹ̀ lé e a wà níbòmíràn. Ewé ti ìsàlẹ̀ fẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí róbótó, ìdí rẹ̀ wọ inú díẹ̀ níbi tí ọ̀pá ewé ti so mọ́ ọn, etí rẹ̀ sì pín sí ọ̀nà mẹ́ta tàbí márùn-ún láìjìn. Èyí ni ó mú un jọ ewé ilá. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ń lọ sókè lórí igi kan náà, ewé a máa kéré sí i, a máa tẹ́ẹ́rẹ́, pípín náà a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ẹni tí ó bá já ewé kan nísàlẹ̀ tí ó sì já òmíràn lókè lè mú kí ẹlòmíràn rò pé ara igi méjì ni wọ́n ti wá. Ìyàtọ̀ inú ewé yìí ti da àwọn onímọ̀ ewéko pàápàá láàmú. Irú èyí tí ewé rẹ̀ pín jinlẹ̀ wà tí àwọn kan kà sí ẹ̀yà lábẹ́ Urena lobata, tí àwọn mìíràn sì yà sọ́tọ̀ tí wọ́n pè ní Urena sinuata.

Abẹ́ ewé ni àmì kan tí ó ṣe pàtàkì wà. Funfun rẹ̀ ju ti ojú ewé lọ nítorí irun tí ó bò ó. Bí a bá sì wo ìdí iṣan àárín, níbi tí ó ti pàdé ọ̀pá ewé, a óò rí ojú kékeré kan tí ń sun omi dídùn. Èèrà a máa wá lá omi yìí. Òwú náà ní irú ojú bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ewé rẹ̀. Fún olùwádìí tí kò rí ju ewé nìkan lọ, ibẹ̀ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wò.

Òdòdó rẹ̀ kò tóbi. Fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 lọ. Abala márùn-ún ni ó ní, àwọ̀ wọn pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bíi pínkì, àárín rẹ̀ sì dúdú díẹ̀ sí elésè-àlùkò. Òwúrọ̀ ni ó ń là, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú ó ti rọ. Àwọn òpó tí ń mú àtíkè akọ jáde kò dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n so pọ̀ di ọ̀pá kan tí ó yí apá abo ká, gẹ́gẹ́ bí ti ilá. Awẹ́ márùn-ún ni abẹ́ òdòdó náà ní, ṣùgbọ́n orí apá abo pín sí mẹ́wàá. Awẹ́ márùn-ún, orí mẹ́wàá: ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn ìbátan rẹ̀ ni ó ní irú ìṣirò yìí, ilá kò sì sí lára wọn.

4. Èso tí ń gun ènìyàn lẹ́yìn

Igi kì í rìn; irúgbìn ni ó ń rìn fún un. Ọgbọ́n tí ẹbí ilá ń lò fún ìrìn yìí kò jọra. Àràbà fi òwú bo irúgbìn rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gbé e. Kòkó fi ẹran dídùn bo irúgbìn tirẹ̀ kí ọ̀bọ lè fà á já, kí ó lá dídùn ibẹ̀, kí ó sì tu kóró dànù síbòmíràn. A lè sọ pé kòkó ń san owó ọkọ̀. Ìlasa àgbọ̀nrín ní tirẹ̀ kì í san ohunkóhun. Ó kàn ń so mọ́ ẹni tí ó bá ń kọjá ni.

Èso rẹ̀ rí róbótó tí ó sì tẹ́ díẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1. Bí ó bá gbó tán tí ó sì gbẹ, a pín sí awẹ́ márùn-ún. Awẹ́ kọ̀ọ̀kan ní irúgbìn kan ṣoṣo nínú, kì í sì í là fúnra rẹ̀. Ẹ̀yìn awẹ́ kọ̀ọ̀kan kún fún ẹ̀gún kéékèèké. Bí a bá fi awò tí ń sọ nǹkan di ńlá wo orí ẹ̀gún wọ̀nyí, a óò rí i pé ìkọ́ wà níbẹ̀ tí ó dojú kọ ẹ̀yìn, bí ìdákọ̀ró ọkọ̀ ojú omi. Nítorí náà, ó rọrùn kí ó wọ inú aṣọ tàbí irun ẹran, ṣùgbọ́n kò rọrùn kí ó jáde. Ẹni tí ó gba igbó kọjá yóò jókòó nílé láti máa ṣa á kúrò lára aṣọ, ibi tí ó bá sì jù ú sí ni ọ̀kan yóò ti hù.

Ọ̀nà ìrìn yìí ṣàlàyé ohun púpọ̀ nípa ibi tí a ti ń rí ewéko náà. Ó ṣàlàyé ìdí tí ó fi ń tò lẹ́bàá ọ̀nà ẹsẹ̀, ní etí oko, ní ibi tí ewúrẹ́, àgùntàn àti màlúù ti ń jẹko, àti lórí ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ kí ó sinmi. Oòrùn ni ó fẹ́. Kì í gbádùn abẹ́ igbó kìjikìji tí ewé igi ti bo ojú ọ̀run. Ó tún jẹ́ ewéko tí ń dúró de ìgbà tí ọ̀sán bá kúrú kí ó tó tanná. Nítorí náà, ní ilẹ̀ Yorùbá, òpin òjò ni òdòdó rẹ̀ máa ń pọ̀, èso rẹ̀ a sì gbẹ lásìkò ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn. Èèpo irúgbìn rẹ̀ le, gbogbo wọn kì í sì í hù lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá ro àwọn tí ó hù lọ́dún yìí, àwọn mìíràn ṣì wà nínú ilẹ̀ tí yóò hù lẹ́yìn wọn.

5. Ìtànkálẹ̀ rẹ̀ lágbàáyé

Ní ọdún 1753, nínú ìwé rẹ̀ tí ó pè ní Species Plantarum, Linnaeus fún ewéko yìí ní orúkọ Látìn tí ó ń jẹ́ títí di òní. Lobata ń tọ́ka sí ewé rẹ̀ tí ó pín. Ṣùgbọ́n Urena kì í ṣe Látìn láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Láti ara orúkọ tí àwọn ará Malabar ní gúúsù Íńdíà ń pe ewéko náà ní èdè Malayalam ni ó ti wá. Linnaeus kò dé Íńdíà rí. Ìwé àwọn tí ó dé ibẹ̀ ni ó lò. Ó yẹ kí a rántí èyí nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé orúkọ sáyẹ́ǹsì kò ní ìlú. Orúkọ ìbílẹ̀ àwọn ènìyàn kan ni ó wà nínú rẹ̀.

Lónìí, ìlasa àgbọ̀nrín wà ní ilẹ̀ olóoru Áfíríkà, Éṣíà, Amẹ́ríkà àti àwọn erékùṣù òkun Pàsífíìkì. Èso tí ń so mọ́ nǹkan ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ nínú ìtànkálẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n okùn inú èèpo rẹ̀ náà ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Bí a bá gé ọ̀pá rẹ̀ tí a rẹ ẹ́ sínú omi títí ara rẹ̀ yóò fi rà, a lè bó fọ́nrán rẹ̀ kúrò, kí a fọ̀ ọ́, kí a sì sá a. Fọ́nrán yìí jọ ti júùtù tí a fi ń hun àpò. Ní ilẹ̀ Kóńgò, lábẹ́ ìjọba amúnisìn Bẹ́ljíọ̀mù, a gbìn ín fún ìdí èyí. Ní Madagásíkà, paka ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì lo okùn rẹ̀ bákan náà.

Ní Bùràsíìlì, lágbègbè odò Ámásónì, ó di ohun ọ̀gbìn pàtàkì ní ọ̀rúndún ogún, pẹ̀lú júùtù tí àwọn ará Japan tí ó ṣí lọ síbẹ̀ mú dé. Wọ́n ń fi fọ́nrán méjèèjì hun àpò tí a ń kó kọfí àti irè oko mìíràn sí. Orúkọ tí àwọn ará Ámásónì fún un yẹ kí a kíyè sí: malva ni wọ́n ń pè é. Àwọn Potogí tí ó dé Bùràsíìlì mọ malva ti ìlú wọn. Nígbà tí wọ́n rí ewéko mìíràn tí ó jọ ọ́, wọ́n gbé orúkọ ti ilé fún ti àjò. Ewéko púpọ̀ ni ó sì ń jẹ́ malva níbẹ̀ lónìí. Ẹni tí ó bá ka malva nínú ìwé Potogí tí ó sì lérò pé Malva sylvestris ni, irú àṣìṣe tí a ń kìlọ̀ nípa rẹ̀ ni ó ṣe yẹn.

Kì í ṣe gbogbo ibi tí ó dé ni a ti ń fi ayọ̀ gbà á. Ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, wọ́n kà á mọ́ àwọn ewéko àjèjì tí ń gba ilẹ̀ mọ́ àwọn onílẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì ń ṣe wàhálà láti fà á tu. Èso kan náà tí ó mú un dé ibẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó ṣeé lé lọ.

6. Ohun tí orúkọ rẹ̀ ń sọ

Lára àwọn orúkọ Yorùbá tí a ti kọ sílẹ̀ fún ewéko yìí ni ìlasa àgbọ̀nrín, ìlasa òyìnbó àti ìlasa ọmọdé. Ìhun kan náà ni gbogbo wọn ní. Ìlasa, tí í ṣe ewé ilá tí a fi ń se ọbẹ̀, ni orí àpólà náà. Ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀ lé e jẹ́ ẹ̀yán ajórúkọ. Orí yìí sọ ohun kan fún wa: lójú àwọn tí ó sọ ọ́ lórúkọ, ẹbí ilá ni ewéko yìí jẹ́. Ìrísí ewé àti yíyọ̀ omi ara rẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀. Ìdájọ́ yìí àti ti àwọn onímọ̀ ewéko bá ara wọn mu.

Ẹ̀yán inú orúkọ náà ni ó ń ya ti igbó sọ́tọ̀ kúrò lára ti oko. Fífi orúkọ ẹranko igbó ṣe ẹ̀yán fún ìbátan ohun tí a ń gbìn kì í ṣe tuntun ní èdè Yorùbá. Obì ẹdun, tí í ṣe Cola millenii, jẹ́ àpẹẹrẹ mìíràn: ẹbí obì ni, ṣùgbọ́n ẹdun ni ó ni ín, kì í ṣe àwa tí ń pa obì. Bẹ́ẹ̀ ni ìlasa àgbọ̀nrín ṣe jẹ́ ilá tí ènìyàn kò gbìn. A tún lè túmọ̀ rẹ̀ sí ìlasa tí ń bá àgbọ̀nrín rìn, nítorí irun ẹranko jẹ́ ọ̀kan lára ọkọ̀ tí èso rẹ̀ ń wọ̀. Ìtumọ̀ méjèèjì bá ìwà ewéko náà mu.

Ìlasa òyìnbó gba ìṣọ́ra. Nínú ọ̀pẹ̀ òyìnbó, òyìnbó jẹ́rìí sí òtítọ́: ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni èso náà ti wá, òkun ni ó gbà dé. Ṣé ẹ̀rí kan náà ni ó wà nínú ìlasa òyìnbó? Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé Éṣíà ni Urena lobata ti ṣẹ̀, èyí sì lè dùn mọ́ ẹni tí ó fẹ́ fi orúkọ yìí ṣe ẹ̀rí ìtàn. Ṣùgbọ́n òyìnbó nínú orúkọ ewéko lè túmọ̀ sí pé nǹkan náà jọ èyí tí a mọ̀ láìjẹ́ òun gan-an. Orúkọ tí ó ní ìtumọ̀ méjì kò lè dá dúró gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí; ó nílò ẹlẹ́rìí kejì.

7. Àwọn tí ó jọ ọ́

Ewéko tí èso rẹ̀ ń so mọ́ aṣọ pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Òsépòtu, tí í ṣe Sida acuta, wà nínú ẹbí kan náà, ẹ̀bá ọ̀nà kan náà ni ó sì ń hù sí. Ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, etí rẹ̀ rí bí eyín ayùn, òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, ìwo kéékèèké méjì ni ó sì wà lórí awẹ́ èso rẹ̀ kọ̀ọ̀kan dípò ẹ̀gún tí ó bo gbogbo ẹ̀yìn.

Triumfetta ni ó lè tan ènìyàn jẹ jù lọ, nítorí ewé rẹ̀ náà a máa pín sí mẹ́ta, èso rẹ̀ sì jẹ́ róbótó oníkọ̀ọ́. Òdòdó ni yóò yanjú rẹ̀: àwọ̀ ìyeyè ni ti Triumfetta, àwọn òpó akọ inú rẹ̀ sì dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọn kò so pọ̀ di ọ̀pá kan.

Bí a bá to àwọn wọ̀nyí sílẹ̀ láìsí òdòdó, láìsí èso, bí ewé ṣe máa ń wà nínú apẹ̀rẹ̀ lọ́jà, ó ṣòro láti fọwọ́ sọ̀yà pé èyí ni èyí. Ọ̀jáfáfá ni àwọn tí ń ta ewé nínú iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí wọ́n ń dáhùn yàtọ̀ sí ti onímọ̀ ewéko. Wọ́n ń bi ara wọn ní ohun tí ewé ń ṣe. Bí ewé méjì bá ń ṣe iṣẹ́ kan náà, kò sí ohun tí ó burú nínú kí wọ́n jẹ́ orúkọ kan náà.

8. Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí a rí nínú àyẹ̀wò yìí ni pé ìmọ̀ méjì ni ó wà nípa ìlasa àgbọ̀nrín, tí ọ̀kan kò sì lè rọ́pò èkejì. Ìmọ̀ àwọn tí ó sọ ọ́ lórúkọ ti rí ẹbí rẹ̀ àti ìwà rẹ̀. Ìmọ̀ onímọ̀ ewéko fi awẹ́ márùn-ún, orí mẹ́wàá àti ẹ̀gún abìkọ́ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí ó jọ ọ́. Àwọn àkójọ bíi ti Dalziel ní ọdún 1937, ti Gbile ní ọdún 1984 àti ti Verger ní ọdún 1995 ti ṣe iṣẹ́ ribiribi láti so méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n àkójọ kò lè rí ewé tí ó wà lọ́wọ́ olùwádìí.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń gba orúkọ ewé sílẹ̀ ní láti ṣe ohun mẹ́ta. Àkọ́kọ́, kí ó bá ẹni tí ó sọ orúkọ náà dé ibi tí ewéko náà ti ń hù, kí ó sì mú ẹ̀ka tí ó ní ewé ìsàlẹ̀, ewé òkè, òdòdó àti èso. Òpin òjò sí ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́ ni àsìkò tí ó dára jù fún ìlasa àgbọ̀nrín. Èkejì, kí ó tẹ ẹ̀ka náà gbẹ, kí ó sì fi í pamọ́ sí ibi tí ẹlòmíràn ti lè yẹ̀ ẹ́ wò, bí àpẹẹrẹ Forest Herbarium tó wà ní Ìbàdàn, kí ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí ó kọ orúkọ Yorùbá náà pẹ̀lú àmì ohùn, kí ó kọ ìlú àti ẹ̀ka-èdè tí ó ti gbà á, kí ó má sì fi orúkọ Látìn síwájú rẹ̀ títí ohun méjì àkọ́kọ́ yóò fi parí. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá ń bọ̀ lẹ́yìn yóò lè tọ ipasẹ̀ wa padà sí ara ewé náà gan-an, yóò sì lè tún un ṣe bí a bá ṣì í pè.